Ilé kòkó tí mo rà lójú ọ̀nà Ìbòkun: ibi tí iṣẹ́ dé

Ewé èlú tí a fi ń ṣe aró ni mo bá dé oko yẹn, mi ò wá ilé rárá. Ọmọ tó ń já ewé fún mi ló mú mi gba ẹ̀yìn abúlé, bí a ṣe yọ sí gbangba ni mo rí i: ilé gbọọrọ alámọ̀ kan, páànù orí ẹ̀ ti pọ́n bí osùn, igbó ti bo ìdajì ògiri, àmọ́ iwájú ẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, òdòdó símẹ́ǹtì méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, irú iṣẹ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé yẹn, wọ́n wá kọ 1951 sí àárín. Mo dúró. Ọmọ yẹn ti lọ jìnnà kó tó mọ̀ pé mi ò sí lẹ́yìn òun mọ́.

Aláró ni mí. Ìlú aró la máa ń ki Òṣogbo, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé tí mo ń lò nílé kò gbà ju ìkòkò mẹ́ta lọ, tí mo bá sì da omi aró nù àwọn aládùúgbò á bínú, wọn ò jẹ̀bi, torí gọ́tà gbogbo wa ló ń gbà kọjá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń wá ibi tí mo lè gbin èlú tèmi sí, kí n ri ìkòkò mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n ní omi, kí n sì ní ibi tí mo máa sá aṣọ sí láìsí pé ẹnì kan ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé mo ti rí ilé. Ó ní irú ilé wo? Mo sọ fún un pé tamọ̀ ni, ó ti ń wó, kó jẹ́ ká jọ lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú.

Rélùwéè ti dé Òṣogbo láti 1907, láti ìgbà náà ni ẹrù oko ti ń rọ́nà dé Èkó, nígbà tó fi máa di bíi 1950 kòkó ló ń kọ́lé fún àwọn bàbá wa. Ẹni tó bá tà dáadáa á kan páànù dípò koríko, á fi símẹ́ǹtì ṣe iwájú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé yìí. Yàrá mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn kọjá, yàrá ìkẹyìn lápá òsì ní àjà alámọ̀ tí wọ́n fi igi gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó kòkó gbígbẹ sí. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, òun ti di àlàpà pátápátá.

Ti ilẹ̀

Ẹ jẹ́ n sọ ti ilẹ̀ kó tó kan ti ilé, torí ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí jù. Àwọn ọmọ bàbá tó kọ́ ilé náà ló fẹ́ tà á, mẹ́ta ń gbé Èkó, ọ̀kan ń gbé ibí, wọ́n ní bàbá àwọn ló ni ilé, òun ló ni gbogbo kòkó tó yí i ká, bíi éékà mẹ́rin, wọ́n tiẹ̀ ní ìwé lọ́wọ́ tí owó inú ẹ̀ ṣì jẹ́ pọ́n-ùn, ìyẹn kí náírà tó dé ní 1973. Gbogbo ẹ̀ dùn létí. Lọ́yà mi wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé bàbá yín máa ń san ìṣákọ́lẹ̀? Ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀rọ̀ oko á ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tàbí irè oko tí àgbẹ̀ ń san fún ẹbí tó nilẹ̀, òun ló ni igi tó gbìn, òun ló ni ilé tó kọ́, àmọ́ kò ni ilẹ̀. Ẹbí tó fún un láyè ló ni ilẹ̀, kódà kó ti lo ọgọ́rin ọdún níbẹ̀. Ìwé pọ́n-ùn yẹn, nígbà tí lọ́yà fara balẹ̀ kà á, risíìtì ìṣákọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé pé wọ́n ra nǹkan kan. Mi ò sọ pé àwọn ọmọ yẹn fẹ́ lù mí ní jìbìtì o, wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni, inú ẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Àmọ́ ká ní mo ti sanwó, ẹbí tó nilẹ̀ lè dé lọ́la kí wọ́n ní kí n kó ògiri mi kí n máa lọ.

Torí náà ọ̀nà méjì la sanwó sí: ilé àti igi lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Ti ẹbí yẹn náà, ó níbi tí wọ́n ń gbà ṣe é. Tí ẹnì kan nínú ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà yẹn ò dúró rárá. Tó bá jẹ́ olórí ẹbí ló dá tà láìsí àwọn àgbà ẹ̀ka tó kù, wọ́n lè gbé e lọ kọ́ọ̀tù kí wọ́n fagi lé e. Ẹ̀ka mẹ́ta ni ẹbí yìí ní. A ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìpàdé kẹta ẹ̀ka kan ò yọjú, lọ́yà ní kí n má san kọ́bọ̀, àwọn kan bá bínú, wọ́n ní ìyàwó yìí ò fọkàn tán àwọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ni mo mọ̀, ẹ̀yin ni mo fọkàn tán, àwọn ọmọ yín tó máa wà níbí lẹ́yìn ọ̀la ni mi ò tíì mọ̀. Olórí ẹbí ní òótọ́ lo sọ, ìyàwó, ká sún un síwájú. Nígbà tó di ìkẹrin gbogbo wọn pé, wọ́n fọwọ́ sí i, àwọn tí ò mọ̀wé tẹ̀ka, a ya fótò.

Ẹ má sì rò pé ìwé ẹbí ló parí ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ fún nǹkan kan. Sọ́fèyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wá wọ̀n ọ́n, wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ìjọba ní Òṣogbo, ó bọ́ sí i pé kò sí nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Éékà mẹ́rin tí wọ́n ń sọ wá jẹ́ 3.6. Ìyókù wà lódìkejì pèrègún, ṣé ẹ mọ̀ pé pèrègún làwọn àgbà fi ń pààlà, kò sí ẹni tó ń gbin pèrègún sáàárín oko lásán. 3.6 yẹn á tó pulọ́ọ̀tì 21 tẹ́ ẹ bá fi 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n. Ó tó mi, ó tún ṣẹ́ kù.

Ọkùnrin kan ti ń tọ́jú kòkó ibẹ̀ láti bí ọdún méjìlá, ó ń pín in pẹ̀lú àwọn ọmọ onílé. A jọ sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé kó máa bá a lọ bó ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé bàbá rẹ̀ ló máa gba ilé náà là.

Wọ́n ní ká wó o

Mo kọ́kọ́ mú ẹnjiníà kan lọ láti ìgboro. Kò pẹ́ tó fi sọ pé ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun síbẹ̀, amọ̀ ti darúgbó. Bíríkìlà tí mo mú lọ lẹ́yìn ẹ̀ ní kò dìgbà tá a bá wó o, ká ṣá ti fi símẹ́ǹtì tó nípọn rẹ́ gbogbo ẹ̀ nínú àti níta. Ìgbà tí bíríkìlà yẹn ń sọ̀rọ̀ ni Bàbá, ìyẹn bàbá ọkùnrin kòkó, fi ọ̀pá wọn kan ìsàlẹ̀ ògiri níta, ibi tí símẹ́ǹtì wà. Ó dún gbọ̀ngbọ̀n bí ìlù. Wọ́n kan ibi tí kò ní símẹ́ǹtì nínú yàrá, kò dún, ńṣe ni ọ̀pá ta padà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, amọ̀ kọ́ ló ń ṣàìsàn. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Bàbá lọ́dún tí wọ́n mọ ògiri yẹn, àwọn ni wọ́n ń pọn omi tí wọ́n fi po ẹrẹ̀. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n parí ẹ̀, iwájú nìkan ló ní símẹ́ǹtì. Ọjọ́ ti pẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílé tó rówó, tó ní kí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ kí ilé bàbá òun lè bá ẹgbẹ́ mu. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Mo ní kí wọ́n fi dígà ṣí ibì kan. Símẹ́ǹtì bọ́ lódindi bí èèpo, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tójò ti rọ̀ kẹ́yìn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: ògiri amọ̀ máa ń fa omi, látilẹ̀ àti látinú òjò, kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é tí kò ní fà, àmọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, oòrùn pa á, á tú u sílẹ̀ padà. Símẹ́ǹtì ò jẹ́ kó tú u sílẹ̀. Símẹ́ǹtì yẹn fúnra ẹ̀ le ju amọ̀ lọ, wọn ò jọ ń gbóná wọn ò jọ ń tutù bákan náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, òjò á gba ojú sísán yẹn wọlé, kò ní rọ́nà jáde mọ́, á ṣàn wálẹ̀ á jókòó sí ìdí ògiri, ìdí ògiri á padà di ẹrẹ̀ tó jẹ́ kí wọ́n tó mọ ọ́n. Ẹni tó bá rí i á ní amọ̀ ti darúgbó. Nínú yàrá tí kò ní símẹ́ǹtì, mo fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri láti so tọ́ọ̀ṣì kọ́, ìṣó mẹ́ta ló tẹ̀.

Mi ò bá símẹ́ǹtì jà o. Ọmọ Òṣogbo wo ló máa bá símẹ́ǹtì jà? A mọ iṣẹ́ Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe nínú igbó Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó di olórìṣà ní Òṣogbo. Ilé tí Àdùnní gbé pàápàá, pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tó wà ní Ìbòkun Road níbẹ̀ yẹn, mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá tí mo bá ń lọ oko, mo sì máa ń wo iwájú ẹ̀ dáadáa. Símẹ́ǹtì ní ibi tó dáa sí. Òdòdó iwájú ilé mi wà níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú bò ó, òjò kì í dé ibẹ̀.

Orí kọ́kọ́

Bàbá ní ká má tíì fọwọ́ kan ìdí ògiri nígbà tí orí ṣì ń jò. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn, ìparí oṣù kẹwàá. Káfíńtà ká páànù, a wo igi: àwọn ìrókò ti 1951 ṣì le bí irin, ayùn ń ké lórí wọn, àmọ́ arère tí wọ́n fi ṣàtúnṣe lẹ́yìn ìgbà náà ti di ìyẹ̀fun, ikán ti jẹ ẹ́ tán. A yọ igi mọ́kànlá, a fi ìrókò àti àpá sípò wọn, ó wọ́n, mi ò purọ́, owó igi yẹn ló jẹ́ kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ kejì tí mo ní. A fi Solignum, oògùn tí kì í jẹ́ kí ikán jẹ igi, kun gbogbo wọn. Bọ́ńdù páànù mẹ́sàn-án ló lọ sí i, ogún páànù nínú bọ́ńdù kan.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ orí ni etí òrùlé. Ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ló yọ síta tẹ́lẹ̀, òjò tó bá ń kán sílẹ̀ ń ta padà sára ògiri. A fà á dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Káfíńtà ní kò ní rẹwà, pé ilé á dà bí ẹni tó dé fìlà tó tóbi jù. Mo ní ẹ jẹ́ kó dé e. A fi gọ́tà sí ẹ̀yìn, ó ń gba omi sínú tánkì, torí omi òjò dáa fún aró.

Ìdí ògiri

Ọyẹ́ ti dé nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ èyí, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ, torí amọ̀ ń fẹ́ gbẹ díẹ̀díẹ̀ láìsí òjò. A kọ́kọ́ ṣí gbogbo símẹ́ǹtì ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ kúrò, a fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìṣe nǹkan kan, kí ògiri kàn máa mí. Ó ṣòro fún mi láti jókòó wò ó. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ mo máa ń fi ọwọ́ kàn án, ó ń yàtọ̀, ó ń funfun láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ibi tó ti jẹrà pátápátá, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì láti ilẹ̀, ó sì gba gbogbo ẹ̀yìn ilé já. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹ máa gé bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹ fo mẹ́ta, ẹ gé mẹ́ta míì, ẹ mọ amọ̀ tuntun síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó padà wá gé èyí tẹ́ ẹ fò. Ògiri tó nípọn íǹṣì 18 nísàlẹ̀, ẹrù ńlá ló wà lórí ẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún bíríkìlà tí mo gbà láti ìgboro, Bàbá ṣàlàyé ẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo wà lọ́jà tí Bàbá náà sì lọ sí òkú ní Ilé-Ifẹ̀, ó gé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan torí kó lè tètè parí. Ògiri yàrá kejì wálẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, àwọn lébúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ jẹun ni. Nígbà tí wọ́n fi pè mí mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò ronú nípa ògiri rárá, ọmọkùnrin méjì yẹn ni mò ń rò. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó ń gé ògiri láìjẹ́ pé Bàbá wà lórí àpótí wọn nítòsí, igi ìtì méjì sì gbọ́dọ̀ ti ògiri kó tó di pé dígà kàn án.

Ògiri tó wó yẹn, amọ̀ ara ẹ̀ náà la tún pò padà. A fọ́ ọ, a da omi sí i, a tẹ̀ ẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta, a bò ó mọ́lẹ̀, a tún tẹ̀ ẹ́. A mọ ọ́n ní ìpele ìpele, ìpele kan kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, á gbẹ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan kí òmíràn tó gùn ún. Ilé tẹ́ ẹ bá wó tẹ́ ẹ sì lè tún fi ara ẹ̀ kọ́ ọ, búlọ́ọ̀kù wo ló lè ṣèyẹn?

Rírẹ́ ẹ

Ìpele tó kẹ́yìn lórí ògiri ni mo ṣe fúnra mi, torí ó sún mọ́ iṣẹ́ aró, ẹ ní láti dán an wò lára èyí tó kéré kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ èyí tó tóbi. Mo gbé erùpẹ̀ ibi mẹ́ta nínú oko, mo da ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, mo bu omi sí i, mo mì í, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á jókòó sísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná á wà lókè. Èyí tó jẹ́ pé amọ̀ ló pọ̀ jù á sán tó bá gbẹ, èyí tó jẹ́ kìkì yanrìn ò ní dì mú. Mo wá rẹ́ ojú ibi mẹ́fà sára ògiri ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó awẹ́ ilẹ̀kùn, oríṣiríṣi àpòpọ̀, mo kọ nọ́ńbà sí wọn. Nọ́ńbà kìíní, erùpẹ̀ nìkan, ó sán bí ilẹ̀ ẹ̀rùn. Èyí tó borí ni bókẹ́ẹ̀tì erùpẹ̀ kan sí yanrìn méjì, pẹ̀lú ẹlẹ́bọ́tọ tútù, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, tí a fi sílẹ̀ nínú omi fọ́jọ́ mẹ́rin. Ìyá mi àgbà ń fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ ilé, mo rántí òórùn ẹ̀, tó bá ti gbẹ kì í rùn mọ́, ilẹ̀ á dán, kò ní máa bu eruku. A fi ṣe ògiri, a fi ṣe ilẹ̀ yàrá mẹ́rin.

Ilẹ̀kùn ò gba àkókò. Ìrókò ni gbogbo wọn, a ha ọ̀dà kúrò, a pààrọ̀ àgbékọ́, ó tán. Fèrèsé méjì la ṣe tuntun. Iná ìjọba ò dé ibẹ̀, sólà kékeré la fi síbẹ̀ fún gílóòbù àti fóònù.

Kànga tó wà nílẹ̀ ti dí, a kó o, omi ẹ̀ mọ́. Apá ìsàlẹ̀ oko, níbi tó jìnnà sí kànga tó sì dagẹ̀rẹ̀ lọ sódìkejì, ni mo ri ìkòkò aró sí, mẹ́jọ, mo gbẹ́ kòtò fún omi tí mo bá dà nù kó má bàa lọ bá ti mímu. Mo gbin èlú sí àárín kòkó níbi tí igi ti kú. Wọ́n ti yọ ewé.

Òjò àkọ́kọ́

Ó rọ̀ lóṣù kẹta, lóru, pẹ̀lú ìjì. Mo wà ní ìgboro, mi ò lè sùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti wà lórí ọ̀kadà. Bàbá ti ṣáájú mi débẹ̀, wọ́n wà lẹ́yìn ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí ògiri. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn sún kí èmi náà kàn án. Òkè ẹ̀ tutù díẹ̀, níbi tí ìjì ti fẹ́ omi sí. Ìdí ẹ̀ gbẹ. Nínú yàrá tí wọ́n ń kó kòkó sí nígbà yẹn, ọ̀rinrin òjò ti jẹ́ kí ilẹ̀ máa rùn kòkó fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, láti 1951.

Nígbà tó di ọ̀sán òjò ti dá, ojú ògiri ti gbẹ tán látòkè délẹ̀.

Ilé ìdáná ló kù. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ara mi ti yá, Bàbá ní rárá, amọ̀ kì í bá òjò díje, kí n fi páànù àtijọ́ bo àlàpà yẹn kí òjò má jẹ ẹ́ tán, ó di oṣù kọkànlá. A ti bò ó.